Òkúta Ìdí Iyeyè

"Ta ni ká wá sanwó fún?"

Obìnrin òyìnbó náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹnì kankan. Ìkùukùu àárọ̀ ló ń gbéra díẹ̀díẹ̀ kúrò lórí oko kòkó. Igi iyeyè ńlá kan na ẹ̀ka rẹ̀ bo ojú ọ̀nà, ìrì sì ń kán láti ara ewé rẹ̀ sórí ọjà tí wọ́n tò sí ìdí rẹ̀: iṣu, ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, òkúta wẹ́wẹ́ wà nílẹ̀, igbá kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta.

Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti kúrò ní agbègbè Ìkirè. Níbi tí mo wà báyìí, ẹ̀rọ ló ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn, kì í sì í kí ẹni tó sanwó fún un. Ṣùgbọ́n bí mo bá pa ojú dé nírọ̀lẹ́, ìkùukùu yẹn ni mo máa ń rí. N kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé náà. Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nílé-ìwé girama kan ní Ìkirè lọ́dún 1985, Sàlámọ̀tù tó wà ní kíláàsì kẹrin ló ròyìn gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó ròyìn rẹ̀ débi pé ó ti di ohun tí èmi náà fojú rí.

Ìdí Iyeyè wà lójú ọ̀nà àtijọ́ tó ti Ìkirè lọ sí Àpòmù. Kò sí ẹni tó ń jókòó tajà níbẹ̀. Bí ọlọ́jà bá ti to ọjà rẹ̀ tán láàárọ̀, oko ló ń bá lọ. Òkúta kan dúró fún ṣílè kan, ìyẹn kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò ka òkúta, yóò ju owó sínú igbá, yóò gbé ohun tó rà, yóò máa lọ. Bí owó ọwọ́ rẹ̀ bá tóbi, yóò mú ṣẹ́ńjì fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe é.

Àǹfààní ńlá ni èyí jẹ́ fún ìyá Sàlámọ̀tù. Baba ọmọ náà ń dáko kòkó lọ́nà Oǹdó, ọdún dé ọdún ló ń wálé. Ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò lè jókòó sójú ọ̀nà. Kí Sàlámọ̀tù tó lọ sílé-ìwé, yóò gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí Ìdí Iyeyè, yóò tò ó, yóò to òkúta tì í. Bó bá ń darí bọ̀ nírọ̀lẹ́, yóò gbé igbá lọ fún ìyá rẹ̀. Owó inú igbá yẹn ni wọ́n ń jẹ, òun náà ni wọ́n fi ń ra ìwé fún un.

Ní Sátidé tí mò ń sọ yìí, ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dé, ó bá bọ́ọ̀sì kan níbẹ̀ àti àwọn òyìnbó tó yí ọjà ká bí ẹni tó wá wo òkú ejò. Ọkùnrin kan tó wọ búbá àti ṣòkòtò funfun ń tọ́ wọn sọ́nà. Ọ̀gbẹ́ni Akínṣọlá lorúkọ rẹ̀, ọmọ Àpòmù tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó ni. Bí ọkọ̀ ojú omi àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ bá gúnlẹ̀ l'Ékòó, òun ló ń kó wọn lọ wo Ifẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó yà wọ́n gba ọ̀nà ilé rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ìwọ lo ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí?"

"Ìyá mi ló ni ín, sà."

"Ó dáa. Màmá yìí ń béèrè ẹni tí òun máa sanwó fún."

Sàlámọ̀tù rẹ́rìn-ín. "Kí wọ́n sanwó fún igbá, sà."

Nígbà tí Akínṣọlá túmọ̀ rẹ̀, obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi mú gíláàsì kúrò lójú. Ó ní nínú ọkọ̀ àwọn, àwọn kì í ná owó rárá. Ìwé ni wọ́n máa ń fọwọ́ sí, ì báà ṣe omi lèèyàn mu. Ṣùgbọ́n bí àwọn bá ti gúnlẹ̀ sí èbúté kan báyìí, wàhálà dé. Níbì kan, wọ́n á ní àwọn ò gba dọ́là. Níbòmíràn, wọ́n á ní dọ́là náà ti ya létí. Níbòmíràn ẹ̀wẹ̀, àwọn tó ń pààrọ̀ owó á rẹ́ èèyàn jẹ.

"Ó ní nínú gbogbo ibi tí àwọn ti dúró," Akínṣọlá ń túmọ̀, "ibí yìí nìkan lẹnikẹ́ni ò ti tẹ́ ọwọ́ sí òun."

Ó fún obìnrin náà ní owó wẹ́wẹ́. Obìnrin náà lóṣòó, ó fi ìka kan òkúta mẹ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sókè bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ó sì ju ṣílè mẹ́ta sínú igbá. Ó dìde, ó gbé ẹ̀ya ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan mọ́ àyà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," Sàlámọ̀tù sọ, "ẹ bá mi bi wọ́n, báwo ni òkun ṣe rí?"

Obìnrin náà wo ìkùukùu orí oko, ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀.

"Ó ní bí o bá jí láàárọ̀ lórí omi, o ò ní mọ ibi tí omi parí sí àti ibi tí ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ọmọ náà lára. Mo ti ń sọ ọ́ ní kíláàsì pé èmi yóò kó wọn lọ sí Àpápá lọ wo ọkọ̀ òkun, kí ohun tí mò ń yà sójú pátákó lè yé wọn. Náírà márùn-ún ni ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò san. Sàlámọ̀tù ti bẹ ìyá rẹ̀ tì.

"Òkun ò ní sá lọ," ìyá rẹ̀ ti sọ fún un. "Jẹ́ kí ọrùn ọmọ yìí kọ́kọ́ le ná."

Nígbà tí Akínṣọlá ń wọ bọ́ọ̀sì, ó yọrí láti ojú fèrèsé. "A tún ń kó àwọn mìíràn bọ̀ lọ́jọ́rú o. Wọ́n pọ̀ ju ìwọ̀nyí lọ. Ẹ to ọjà dáadáa!"

Ní Mọ́ńdè, Sàlámọ̀tù sọ ọ́ fún Adéfúnkẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó. Akọ̀wé ni baba Adéfúnkẹ́ ní káńsù, wọ́n sì ti san owó tirẹ̀.

"Ṣílè mẹ́ta!" Adéfúnkẹ́ patẹ́wọ́. "Lọ́wọ́ òyìnbó! Sàlá, ṣé orí ẹ pé báyìí?"

"Iye òkúta tó wà níbẹ̀ nìyẹn."

"Ta ló tò ó? Ṣé málékà ló ń to òkúta ni? Ṣebí ọwọ́ ẹ yìí ni. Fi kún un jàre. Owó tí wọ́n fi ń mutí nínú ọkọ̀ yẹn lálẹ́ ọjọ́ kan, ó tó ra gbogbo oko ìyá ẹ."

"Àwọn ará ọ̀nà tó ń rà á ńkọ́?"

"Kí wọ́n tó ti oko dé, wàá ti kó o kúrò." Adéfúnkẹ́ sún mọ́ ọn. "Ìwọ náà wò ó, ibi ojú fèrèsé la máa jókòó sí nínú bọ́ọ̀sì. Àbí èmi nìkan ni kí n lọ máa wo ọkọ̀ bí ọ̀dọ̀yọ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Sàlámọ̀tù kò gbọ́ ohun tí mo kọ́ wọn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Lọ́jọ́rú, ó dé Ìdí Iyeyè kí ojúmọ́ tó mọ́ dáadáa. Ó to ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó to òkúta mẹ́ta, ó dúró díẹ̀, ó sì ṣa mìíràn kún un títí ó fi di mẹ́jọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yí gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ká. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó ń retí bọ́ọ̀sì.

Bọ́ọ̀sì ò dé. Oòrùn yọ. Ó ń gbọ́ agogo ilé-ìwé láti òkèèrè. Ó dìde láti kó òkúta yẹn kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan èyí àkọ́kọ́. *Bí mo bá kó o kúrò, tí wọ́n wá dé ńkọ́?* Ó rántí omi tí kò ní òpin. Ó nà ró, ó gbọn ewéko kúrò lára yẹ́rì rẹ̀, ó sá lọ sílé-ìwé.

Nígbà tó padà débẹ̀ nírọ̀lẹ́, kò ku ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan nílẹ̀. Igbá kún. Àwọn òyìnbó ti dé, wọ́n ti lọ. Náírà tuntun tí Akínṣọlá pààrọ̀ fún wọn wà nínú rẹ̀, ó ń dán. Ṣùgbọ́n àwọn owó mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀: ṣílè tó ti dúdú, náírà kan tí wọ́n ti ká wẹ́lẹ́ tí wọ́n sì ti so mọ́ etí aṣọ títí ó fi gba àmì okùn. Kò sí òyìnbó tó ń so owó mọ́ etí aṣọ.

Ó mọ̀. Ó ní òun mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó tú òkúta tó lé ká sínú igbó, ó ya èyí tó tọ́ sí ìyá rẹ̀ sọ́tọ̀, ó di ìyókù sínú àkísà kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé náírà márùn-ún wá fún mi.

"Ìyá ẹ ti rówó nìyẹn?" mo bi í.

"Wọ́n ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa, sà."

Inú mi dùn sí i. Mo kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn yòókù.

Ó ní láwọn ọjọ́ yẹn, bí òun bá ti fara kan ẹní, òkun ni òun ń rí. Òkun náà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé wọn. Yóò rọra bo oko kòkó, yóò bo ojú ọ̀nà Àpòmù, ọkọ̀ funfun kan yóò sì máa bọ̀ lórí rẹ̀ láìpariwo, tí iná inú rẹ̀ ń ṣẹ́jú bí ìràwọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ náà bá ti dé ìdí igi iyeyè, kì í dúró.

Láti Ọjọ́bọ̀, kò sí ẹni tó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn mọ́. Ó tò ó láàárọ̀, ó bá a nírọ̀lẹ́ bó ṣe tò ó. Òkúta mẹ́ta ló wà níbẹ̀, mẹ́ta tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Igbá ṣófo, kòkòrò ló wà nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn ń kí i lọ́nà, wọ́n ń bi í léèrè ọmọ tuntun, wọ́n sì ń kọjá lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Èyí àgbagbà rọ̀, wọ́n sì kó o lọ fún àwọn tó ń dín dòdò létí títì ní Ìkirè, tí wọ́n fi owó táṣẹ́rẹ́ rà á.

Ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, Ìyá Sàfúrátù, obìnrin tó ni ọsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, dá a dúró.

"Sọ fún ìyá ẹ kó wá máa jókòó ti ọjà ẹ̀."

"Kí ló dé, mà?"

"Ìwọ lo mọ̀. Títí kan ọsàn tèmi ni wọn ò fẹ́ rà mọ́. Wọ́n ń dúró dè mí títí mo fi ti oko dé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ iye tó jẹ́ lẹ́nu mi. Láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ, ẹnì kan ò bi mí ní iye ọsàn rí!"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun alásàrí, Bàbá Ràímì wá sílé wọn. Àgbàlagbà ni, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ọwọ́ ló fi ń ka òkúta. Ó jókòó sórí pèpéle, ó gba omi, ó ṣàdúrà fún ọmọ tuntun.

"Ìyá Sàlá, ẹ kú ọwọ́ lómi."

"A dúpẹ́, Bàbá. Mi ò rí yín láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ."

"Mo wà. Mo wá béèrè nǹkan kan ni. Ṣé wọ́n ti ń ka òkúta lọ́nà mìíràn báyìí?"

"Báwo, Bàbá?"

"Lọ́jọ́rú ìjọ́sí, mo ka mẹ́jọ nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín. Mo ní bóyá ọwọ́ mi ló ń tàn mí, mo tún un kà. Mo san án. Mo ní obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó lè ní ohun tó fẹ́ fi ṣe. Àfi bí mo ṣe délé tí àwọn mìíràn náà ń sọ ọ́, tí òkúta sì di mẹ́ta lọ́jọ́ kejì. Kì í ṣe owó ni mo bá wá o. Bó bá jẹ́ pé ìṣirò tuntun ti dé, kí ẹnì kan wá kọ́ wa."

Ìyá Sàlámọ̀tù wo ọmọ rẹ̀ tó ń fọ abọ́ létí ògiri. Abọ́ ti dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí Bàbá Ràímì lọ tán, ìyá náà gbé ọmọ tuntun sílẹ̀. "Sàlámọ̀tù, mélòó lo fi kún un?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀: bọ́ọ̀sì, òkun, ọ̀rọ̀ Adéfúnkẹ́, owó tó gba àmì okùn. Ó ń retí ẹgba. Ìyá rẹ̀ ò nà án.

"Wọ́n ní kí n máa lọ jókòó," ìyá rẹ̀ wí. "Ta ni yóò lọ? Èmi, pẹ̀lú ọmọ jòjòló yìí nínú òjò? Àbí ìwọ, kí o pa ìwé tì, kí o máa bá mi ṣọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀? Wò ó, nínú méjèèjì, ọ̀kan ni yóò ṣẹlẹ̀ bí wọn ò bá gbà wá gbọ́ mọ́."

Sàlámọ̀tù bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Mo fẹ́ dá owó wọn padà, mà. Mi ò mọ ẹni tó rà á. Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀."

"Àwọn mọ ara wọn."

Bí mo ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo bá Sàlámọ̀tù lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Mo gbé owó náà fún un.

"O mọ̀ pé o ò ní lè bá wa lọ mọ́?"

"Mo mọ̀, sà."

"Adéfúnkẹ́ ńkọ́? Ó mọ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a wí, sà. Ọwọ́ mi ló to òkúta."

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán lọ́jọ́ kejì, Bàbá Ràímì dìde ní mọ́sálásí. Ó ní ẹni tó bá ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ìyá Sàlámọ̀tù ní Ọjọ́rú ìjọ́sí, owó rẹ̀ wà nínú igbá ní Ìdí Iyeyè, kó lọ mú iye tó lé. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sàlámọ̀tù ti gbé igbá náà síbẹ̀ láàárọ̀, gbogbo owó tó lé sì wà nínú rẹ̀. Ó fẹ́ fara pamọ́ sẹ́yìn igi kó lè rí àwọn tí yóò wá. Ìyá rẹ̀ kọ̀.

"Má dúró tì í. Bí o bá dúró tì í, o ń ṣọ́ wọn nìyẹn. Wọn ò ṣọ́ wa rí."

"Bí ẹni tí kò rà á bá wá mú un ńkọ́?"

"Kó mú un. Bí ọ̀rọ̀ wa náà ṣe rí lára wọn nìyẹn."

Lọ́jọ́ tí a lọ sí Àpápá, ó wá sí ìkóríta lówùúrọ̀ láti wá kí wa pé ó dàbọ̀. Àwọn ọmọ ń kọrin nínú bọ́ọ̀sì. Adéfúnkẹ́ na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, Sàlámọ̀tù dì í mú, wọ́n rìn díẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nílẹ̀, títí bọ́ọ̀sì fi yára jù ú lọ. Adéfúnkẹ́ gbé orí lé apá, kò sì bá wa kọrin títí a fi kọjá Wásinmi. Kí a tó lọ jìnnà sí ìkóríta, mo bojú wẹ̀yìn. Ìkùukùu ti bo ọmọ náà dé àyà, ó dà bíi pé inú omi ló dúró sí.

Láti ibẹ̀ ló ti lọ wo igbá. Owó inú rẹ̀ ti dínkù gan-an. Kò rí ṣílè dúdú kan mọ́. Náírà tó gba àmì okùn ti lọ. Èyí tó kù ń dán lábẹ́ ìrì, ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kàn án: owó àwọn òyìnbó ni.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì Akínṣọlá tún kọjá, ó sá tẹ̀ lé e, ó na owó náà sí i.

"Ẹ bá mi fún àwọn tó wá lọ́jọ́rú ìjọ́sí, sà. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn láìtọ́ ni."

Akínṣọlá wo owó, ó wò ó lójú. Kò rẹ́rìn-ín. "Ọkọ̀ wọn ti gbéra, ọmọ mi. Wọ́n ti wà lórí omi. Wọn ò ní gúnlẹ̀ síbí mọ́ láyé."

Ìgbà yẹn ló yé e pé àwọn kan wà tí èèyàn kò ní lè dá tiwọn padà fún títí láé. Ìyá rẹ̀ ní kó dá a padà sínú igbá, kó gbé igbá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò igi. Gbogbo àsìkò òjò ọdún yẹn, ibẹ̀ ló wà. Èmi náà máa ń gba ibẹ̀ kọjá, mo sì máa ń rí i. Àgbẹ̀ ń lọ, ọmọdé ń lọ, òjò ń rọ̀ sí i, owó àwọn ará òkun sì jókòó sínú omi òjò láìsí ẹni tó mú un.

Ó bi mí nígbà kan bí òkun ṣe rí. Mo ní bí obìnrin yẹn ṣe wí ló rí.

"Ṣé òótọ́ ni pé kò lópin, sà?"

"Ó lópin. Ojú wa ni kò dé ibẹ̀."

Ó ronú sí i, ó sì gbé igbá ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ rù.

Ìgbà tó yá, tí òjò ti ń dáwọ́ dúró, ó dé Ìdí Iyeyè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó rí i pé ẹ̀ya ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ti lọ. Ṣílè mẹ́ta wà nínú igbá. Kò mọ ẹni tó rà á títí dòní. Ó ní òun jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, òun sì di ṣílè mẹ́ta náà mọ́wọ́ títí wọ́n fi gbóná. Ìyá rẹ̀ kò jókòó sójú ọ̀nà. Sàlámọ̀tù kò sì fi ìwé sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ ó gúnlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èbúté láyé. Níbi kọ̀ọ̀kan, ẹ ó bá owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀, ẹ ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ná an. Ṣùgbọ́n ibikíbi tí ẹ bá dé, àlejò tí kò mọ iye ọjà yín àti aládùúgbò tó gbà yín gbọ́ tí kò béèrè, bákan náà ni kí ẹ kà á fún wọn. Ẹni tó bá ka iye tó yàtọ̀ fún àlejò kò ní mọ ìgbà tí ará ilé rẹ̀ yóò san án. Owó ṣeé dá padà bí a bá rí olówó. Kí àwọn èèyàn tó tún lè ra ọjà ẹni láìwo ojú ẹni, sùúrù ọjọ́ pípẹ́ ló ń gbà, àwọn nìkan ló sì mọ ọjọ́ tí wọn yóò tún ju owó sínú igbá.